Hubert Ògúndé Gẹ́gẹ́ Bí Olórí Ẹgbẹ́: Àtúnyẹ̀wò Kan Lórí Yorùbá Ronú

Bí a bá dárúkọ Hubert Ògúndé láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa níhìn-ín ní Ìyànà Ìbà, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn máa ń sọ. Wọn a ní, òun ni ó kọ Yorùbá Ronú. Ìjọba fi òfin dè é, kò sì bẹ̀rù. Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti sú mi í gbọ́. Kì í ṣe pé n kò ka ìgboyà sí. Ohun tí mo rí ni pé bí a bá fi ìgboyà nìkan ṣe òpó tí a ó gbé ìtàn ọkùnrin yìí lé, a kò ní lè dáhùn ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nípa rẹ̀: báwo ni ẹgbẹ́ eléré kan tí ìjọba kò bọ́, tí olówó kankan kò ti lẹ́yìn, ṣe wà láti 1945 títí di 1990, nígbà tí ìlú ń bọ́ láti ọwọ́ Òyìnbó sí ọwọ́ olóṣèlú, tí ó tún ń bọ́ láti ọwọ́ olóṣèlú sí ọwọ́ sójà? Àwọn onígboyà pọ̀ tí ẹgbẹ́ wọn kò pé ọdún márùn-ún. (Kí àwọn àgbà má ṣe bínú bí mo ti ń pè é ní Ògúndé láìfi oyè sí i. Bí a ti ń pe àwọn òǹkọ̀wé nínú iṣẹ́ lámèyítọ́ ni mo ṣe pè é.)

Nínú àròkọ yìí mo fẹ́ gbé Yorùbá Ronú gẹ́gẹ́ bí eré sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ẹni tí ó kọ ọ́ gbà darí ẹgbẹ́ tí ó fi ṣe é. Eré náà dá lórí olórí àti ìlú rẹ̀ ní ìgbà ìpọ́njú. Inú ìpọ́njú ni ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ sì wà nígbà tí wọ́n ṣe é tán. Èrò mi ni pé ohun tí Ògúndé mọ̀ nípa dídarí ènìyàn pọ̀ ju ohun tí ó fi sínú eré yẹn lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ pin sí, eré náà ti tọ́ka sí i láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ìgbà náà ti rí. Ní 1962 ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group láàrin Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè S. L. Akíntọ́lá tí í ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Àga ń fò ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn, ìjọba àpapọ̀ sì gba agbègbè náà sí ọwọ́ ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní 1963 Akíntọ́lá padà sí orí àga. Ní ọdún kan náà ni a sọ Awólọ́wọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Nígbà tí ó di 1964, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tí ó wà ní ìhà ti Akíntọ́lá, bẹ Ògúndé ní iṣẹ́ eré kan fún àpéjọ wọn. Eré tí ó gbé wá fún wọn ni Yorùbá Ronú. Nínú rẹ̀, ọba kan wà tí ń jẹ́ Fíwájoyè. Igbákejì rẹ̀ bá àwọn ọ̀tá dìmọ̀ pọ̀, wọ́n mú ọba, wọ́n tì í mọ́lé. Ọ̀dàlẹ̀ gorí ìtẹ́, ó sì fi ayé ni àwọn ará ìlú lára títí ilẹ̀ fi gbóná mọ́ ọn tí ìlú sì gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jókòó ní gbọ̀ngàn tí kò mọ ẹni tí òwe náà ń bá wí. Àwọn tí wọ́n sanwó eré ni a fi eré wí.

Orin inú eré náà lágbára. Ohun tí ó sì mú kí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn tí a kò tíì bí ní 1964 nìyí. Ṣùgbọ́n bí a bá fi orin sí apá kan tí a wo èrò tí ó wà nínú rẹ̀ nípa olórí, èrò náà kò jinlẹ̀ tó bí a ti ń pariwo rẹ̀. Olórí rere ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́, olórí búburú ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúdú, ó parí. A kò bi Fíwájoyè bí ó ti ṣe jẹ́ pé igbákejì lè kó agbára jọ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. A kò béèrè ètò tí ìlú yóò tún ṣe, nígbà tí ọ̀dàlẹ̀ bá lọ tán, kí ọ̀dàlẹ̀ mìíràn má baà dìde lọ́la. Àwọn baba wa tí wọ́n tẹ Ọ̀yọ́ dó kò rò bẹ́ẹ̀. Wọn kò fi ìlú sílẹ̀ fún ọkàn mímọ́ Aláàfin nìkan. Wọ́n fi Ọ̀yọ́ Mèsì sí iwájú rẹ̀, wọ́n fi Ògbóni sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì mú kí Baṣọ̀run tí ó lè lé ọba kúrò lórí oyè mọ̀ pé àwọn mìíràn ń ṣọ́ òun náà. Pé Gáà borí gbogbo rẹ̀ fún ọdún pípẹ́ kò sọ pé ètò náà kò sí. Nínú Yorùbá Ronú, ètò kò sí rárá. Ènìyàn rere àti ènìyàn búburú nìkan ni ó wà.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan dá mi lóhùn pé eré orí ìtàgé kì í ṣe ìwé òfin, àti pé ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í ṣe ìwádìí ẹni tí ó kọ́ ilé. Mo gbà. N kò sọ pé kí Ògúndé kọ eré mìíràn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń darí ènìyàn ní ìgbà ìdààmú lọ́wọ́ Ògúndé, kí ó má ṣe lọ wá a nínú ọ̀rọ̀ inú eré náà. Kí ó wo ẹ̀yìn ìtàgé.

Ohun tí ó tẹ̀lé eré náà ni ìfòfindè. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní ẹgbẹ́ Ògúndé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ níbikíbi ní agbègbè wọn. Ó yẹ kí a mọ ohun tí èyí jẹ́ lórí ilẹ̀. Ìbàdàn ti lọ. Abẹ́òkúta ti lọ. Òṣogbo, Ìlẹ́ṣà, Oǹdó àti Adó-Èkìtì ti lọ. Ìjẹ̀bú Òde àti Ọ̀sọ́sà tí a bí i sí ní 1916 pàápàá ti lọ. Ilẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ wa dúró sí yìí, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà, wà lára ohun tí ó lọ, nítorí pé abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni ẹkùn Àgbádárìgì wà títí di 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí ní kíláàsì, ẹnu ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Èrò tiwọn ni pé Èkó ni Èkó láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹgbẹ́ Ògúndé lè ṣeré ní Èbúté-Mẹ́ta kí ọlọ́pàá máa wò wọ́n. Bí wọ́n bá kó ìlù wọn wá sí Ọ̀jọ́, ọlọ́pàá kan náà yóò kó wọn. Odidi ọdún méjì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà kí ìjọba ológun tí Adékúnlé Fájuyì ṣe olórí rẹ̀ tó pa òfin náà rẹ́ ní oṣù kejì 1966.

Báwo ni wọ́n ṣe jẹun ní ọdún méjì náà? Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìtàn akọni yóò ní Ògúndé fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, fèsì fún ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni, ó fèsì. Ṣùgbọ́n a kì í fi èsì bọ́ ènìyàn. Ohun tí ó bọ́ wọn ni pé kí a tó dí ọ̀nà kan mọ́ wọn, wọ́n ti ní ọ̀nà mìíràn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Ògúndé kò ti jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà jẹ́ ti ìlú kan. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n wà ní 1946 nígbà tí àwọn Òyìnbó fi òfin de Strike and Hunger, eré tí ó dá lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní 1945. Wọ́n mọ ọ̀nà ilẹ̀ Hausa, níbi tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń fẹ́ gbọ́ èdè ilé. Wọ́n mọ ọ̀nà Gánà. Òfin Ìwọ̀-Oòrùn kò dé ọ̀kankan nínú wọn. Kò dé Ìlọrin àti Ọ̀fà pàápàá, tí wọ́n jẹ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí wọ́n wà lábẹ́ ìjọba Àríwá. Àwo orin sì ń wọ ilé tí òṣèré kò lè wọ̀. Ẹni tí ó bá ń darí ẹgbẹ́ kan lónìí, tí gbogbo owó ẹgbẹ́ náà ń ti orísun kan ṣoṣo wá, kí ó ka ìpínrọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì.

N óò fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìrìn-àjò Gánà, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ọgbọ́n ọkùnrin náà jù. Ní 1948 ni ó kọ́kọ́ kó wọn lọ sí ibẹ̀, nígbà tí à ń pe ilẹ̀ náà ní Gold Coast. Eré King Solomon ni wọ́n gbé lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ti mọ eré tiwọn, ti àwọn òṣèré alápanilẹ́rìn-ín tí ń kọ orin bí ti àwọn Òyìnbó Amẹ́ríkà. Wọn kò ka ọba inú Bíbélì sí. Ìrìn-àjò náà kò lérè. Mo mọ àwọn olórí ẹgbẹ́ tí ìbá padà wálé láti wí fún gbogbo ènìyàn pé àwọn ará Gánà kò mọ eré. Ògúndé kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó tún lọ, Swing the Jazz ni ó gbé dání, wọ́n sì tẹ́wọ́ gbà á. Ní 1950 ẹgbẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 gẹ́gẹ́ bí African Music Research Party, tí ó sì di Ogunde Theatre Party ní 1947, tún di Ogunde Concert Party. Ní ọdún 1950 yìí kan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé jáàsì ti gba ọkàn rẹ̀, ni ó ṣe Bread and Bullet lórí àwọn awakùsà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní oṣù kọkànlá 1949. Nígbà tí ó di 1960, orúkọ ẹgbẹ́ tún yí padà sí Ogunde Theatre. Bí ìgbà bá ti yí ni ó ń pààrọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ náà.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí kò pààrọ̀. Eré yòówù kí ó jẹ́, ti ìṣèlú tàbí ti ìfẹ́, orin àti ijó ìṣíde ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò jáde, tí wọn yóò kí àwọn òǹwòran, tí Ògúndé yóò sì fi ara hàn. Àwọn alárìnjó àtijọ́ ti ń ṣe ìjúbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ idán. Ohun àtijọ́ ni ó wọ aṣọ tuntun. Àwọn lámèyítọ́ kan ti kà á sí àfikún tí kò ní iṣẹ́ nínú ìtàn eré, òótọ́ sì ni pé ìtàn eré kò nílò rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni ó nílò rẹ̀. Òǹwòran tí kò mọ eré tuntun tí a gbé wá mọ ìṣíde. Ó mọ ẹni tí ó wá wò. Ẹni tí ń yí ohun púpọ̀ padà gbọ́dọ̀ fi ohun kan sílẹ̀ tí àwọn ènìyàn yóò fi dá a mọ̀.

Mo wá kan ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin, tí a kì í fẹ́ sọ láì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ògúndé, ẹni tí ó ti ṣe tíṣà tí ó sì ti ṣe ọlọ́pàá, fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ láti máa jẹun nínú eré, kò sí òbí tí ó fẹ́ kí ọmọbìnrin òun máa jó lójú agbo fún owó. Ó polówó nínú ìwé ìròyìn fún òṣèrébìnrin, kò rí ẹni tí ó wá. Ó tún polówó pé òun ń wá obìnrin tí yóò ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, wọ́n wá, nígbà tí wọ́n dé ni ó sọ iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ fún wọn. N kò ní bo èyí mọ́lẹ̀ nítorí pé mo ń yin ọkùnrin náà: ẹ̀tàn ni. Nígbà tí àwọn òbí sì ń yọ àwọn ọmọ wọn kúrò, ó rí ọ̀nà tí yóò fi dá wọn dúró. Ó fẹ́ wọn. Ìyàwó rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ kí ó tó kú, òṣèré rẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn.

A lè fi ojú ìwà wo èyí, a sì lè fi ojú ètò ẹgbẹ́ wò ó. Ní ti ètò, ó lágbára. Ohun tí ó máa ń pa ẹgbẹ́ eléré ní ilẹ̀ wa ni pé bí òṣèré bá ti mọ iṣẹ́ tán, yóò lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ti Ògúndé kò lè lọ, ilé rẹ̀ ni. Ìdánrawò kò nílò owó ọkọ̀. Àwọn ọmọ ń bá ìlù dàgbà. Ní 1964 tí kò sí owó tó, a kò lè sọ fún aya ilé pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Àwọn náà kò sì lè sọ pé àwọn ń wá iṣẹ́ sí ibòmíràn. Ilé jẹun papọ̀, ebi pa ilé papọ̀. Ohun tí owó oṣù kò lè ṣe, ìbátan ṣe é. Ohun tí àwọn obìnrin wọ̀nyí san fún un kò sí nínú ìwé tí mo tíì kà, kódà nínú ìwé dídára tí Ẹ̀bùn Clark kọ nípa Ògúndé ní 1979.

Ọgbọ́n ilé yìí náà ni ó gbé e dé inú sinimá. Ní òpin àwọn ọdún 1970, ọkọ̀ àti epo ti di wàhálà, ẹ̀rù sì ń ba àwọn òǹwòran láti jáde lóru. Ògúndé bá Ola Balogun ṣe Aiyé ní 1979, lẹ́yìn náà ó ṣe Jáiyésimi. Àròpin N'Tènìà jáde ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988. Ṣùgbọ́n kò fi fíìmù náà lé ọwọ́ oníṣòwò kankan. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó ń gbé e kiri, bí wọ́n ti ń gbé ìlù kiri tẹ́lẹ̀, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Ẹ fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa. Ọ̀run Mooru tí ó ṣe ní 1982 bọ́ sí ọwọ́ àwọn ajẹ̀rín tí wọ́n ṣe àdàkọ rẹ̀ lórí fídíò, gbèsè sì bá ẹni tí ó ti pa gbogbo Nàìjíríà lẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé Bàbá Sàlá kò gbọ́n. Ìgbà tuntun ni, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tán. Ògúndé kàn kọ̀ láti jẹ́ kí ẹrù òun kúrò ní ọwọ́ ará ilé òun.

Ibi tí mo ti ń bọ̀ nìyí. Gbogbo ohun tí mo yìn wọ̀nyí so mọ́ ara ènìyàn kan ṣoṣo. Òun ni ó ń kọ eré, òun ni ó ń ṣe orin, òun ni aṣáájú òṣèré, òun ni ó ń pa owó mọ́, òun ni ọkọ, òun ni bàbá. Nígbà tí mo wà ní òkè òkun, mo wà nínú ẹgbẹ́ eré kékeré kan tí ọmọ ilẹ̀ wa kan ń darí. Ó kù ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣeré ni ó ṣàìsàn, a sì rí i pé nínú gbogbo wa kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè ka ìtàn Ògúndé kí n má ṣe béèrè ọ̀dọ̀ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Wọn yóò sọ fún mi pé bí iṣẹ́ ilẹ̀ wa ti rí nìyẹn, pé agbo ilé ni à ń fi iṣẹ́ sí. Àgbẹ̀dẹ, ìlù, ọnà, gbogbo rẹ̀ ti agbo ilé ni. Eré alárìnjó pàápàá, gẹ́gẹ́ bí Joel Adédèjì ti fi hàn nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní 1969, inú ìdílé ni ó ti dàgbà. Òótọ́ ni, ó sì gbè mí lẹ́yìn. Agbo ilé àyàn kì í tú ká nígbà tí olórí rẹ̀ bá kú, nítorí pé kí ó tó kú ni gbogbo ilé ti mọ ẹni tí ó kàn. Àgbà tí ó tẹ̀lé e ti ń bá a jókòó. Ó ti ń dá gba iṣẹ́ nígbà tí olórí kò bá sí nílé. Ògúndé mú ìbátan láti inú agbo ilé, ó mú ìṣòtítọ́ àti ìfaradà, ṣùgbọ́n kò mú ìjoyè. Kò sí ẹnì kejì tí àwọn òǹwòran mọ̀ pé ó lè gbé eré Ògúndé jáde bí Ògúndé kò bá sí.

Ẹ wá padà sí Yorùbá Ronú. Ta ni ọ̀dàlẹ̀ inú eré náà? Igbákejì ni. Kì í ṣe àjèjì, kì í ṣe ọ̀tá láti ẹ̀yìn odi. Àwọn wọ̀nyẹn kàn ràn án lọ́wọ́ ni. Ẹni tí ó sún mọ́ ọba jù lọ ni. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ti 1962 ni ó fi í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí igbákejì Awólọ́wọ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ni Akíntọ́lá. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kì í yan ohun tí yóò bà á lẹ́rù láti òde nìkan. Ọkùnrin tí ó fi ogójì ọdún ó lé márùn-ún darí ẹgbẹ́ láìní igbákejì ni ó kọ eré kan nínú èyí tí igbákejì ti ta ọba. Mo rò pé ó gba eré ara rẹ̀ gbọ́.

Ní 1986 ìjọba àpapọ̀ ní kí ó kó ẹgbẹ́ eléré jọ fún orílẹ̀-èdè, ó sì kó àwọn ọ̀dọ́ òṣèré láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ lọ sí Ọ̀sọ́sà, ó ń kọ́ wọn níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe aya, wọn kì í ṣe ọmọ. Púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá. Ó kú ní London ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin 1990. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ìjọba ṣe òfin tí ó fi ìdí ẹgbẹ́ ti orílẹ̀-èdè múlẹ̀, tí ó sì sọ bí a ó ti máa yan ẹni tí yóò darí rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà, ó sì ti ní olùdarí púpọ̀ láti ìgbà náà. Ní Ọ̀sọ́sà, àwọn ọmọ Ògúndé ń ṣe ìtọ́jú àwọn ohun ìrántí bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó la òfin Òyìnbó já, tí ó la òfin Akíntọ́lá já, tí ó la ogun abẹ́lé já, kò gba ọ̀nà ìlú dé ìlú mọ́ bí ti àtijọ́.